Nígbà Tí Ìlù Ọmọ Àjídò Gba Sóòlù Mọ́ra

Àwọn tó ń wá sí Àgbádárìgì láti òkèèrè, nǹkan méjì ni wọ́n sábà ń wá wò: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn òyìnbó oníwàásù kọ́ parí ní 1845, àti ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sí etí òkun. Àwọn amọ̀nà á mú wọn yí ká, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wọkọ̀ padà sí Èkó kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlù ni èmi bá wá. Mo kó àwo orin mélòó kan sínú fóònù, mo ju sípíkà kékeré kan sínú báàgì, mo ní Àjídò ni mò ń lọ.

Àjídò kò jìnnà sí Àgbádárìgì, apá ìlà-oòrùn ló wà, létí ọ̀sà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Michael Babátúndé Ọlátúnjí sí ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1927. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ó sì ti papòdà kí wọ́n tó bí ọmọ náà, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ Babátúndé. Ọmọ Ògù, àwọn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Ègùn, ni ìyá rẹ̀, ìkòkò ló ń mọ. Èdè Ògù àti Yorùbá ni ọmọ náà jọ gbọ́ dàgbà. Ní 1950, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Rotary gbé e dé kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehouse ní Atlanta. Aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè ló fẹ́ dà. Ìlù kò jẹ́. Ní 1958 ó lù ú ní gbọ̀ngàn Radio City ní New York, ilé iṣẹ́ Columbia sì gbà á síṣẹ́. Àwo Drums of Passion tí wọ́n gbé jáde ní 1960 ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà tí kò gbọ́ ìlù Áfíríkà rí, inú àwo yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Àmọ́ kì í ṣe àwo yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní gáréèjì Àgbádárìgì, níbi tí àwọn oní-kẹ̀kẹ́ ti ń dúró de èrò, èyí tó ṣe ní 1973 ni mo tẹ̀, Soul Makossa. N kò sọ ẹni tó ni ín fún ẹnikẹ́ni. Gìtá báàsì wọlé, fèrè wọlé, ìlù ń lọ lábẹ́ wọn láìdúró. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. "Fẹlá nìyẹn, àbí?" Mo ní rárá, ọmọ ibí ni, ọmọ Àjídò. "Àjídò wo? Àjídò tiwa yìí?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo ń ṣe àwàdà ni. Mo wá yí i padà sí ti 1960, mo fi orin Akiwowo inú rẹ̀ sí i. Orí tó ń mì dúró. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní èyí jọ orin tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ní ijó ìbílẹ̀ ní ilé ìwé, nígbà tí àwọn òbí bá ń bọ̀ ní ìparí ọdún. Kò sọ ọ́ bí èébú. Ó ní kí n dá ti àkọ́kọ́ padà.

Ó yẹ kí n sọ bí ti àkọ́kọ́ yẹn ṣe wáyé. Manu Dibango, ọmọ Cameroon, ló ni orin náà. Ní 1972 ló ṣe é, ẹ̀yìn àwo tó ṣe fún ìdíje bọ́ọ̀lù ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Cameroon ló kì í bọ̀. Ọkùnrin kan tó ń fi àwo dá àwọn èèyàn lára yá ní New York, David Mancuso, rí i rà, ó ń lù ú fún àwọn tó wá jó nílé rẹ̀, gbogbo ìlú sì ń wá a kiri. Àwo náà wọ́n bí ojú. Kí ọjà tó tutù, onírúurú ẹgbẹ́ akọrin ti sáré ṣe tiwọn, Ọlátúnjí sì wà lára wọn. Kí á má purọ́, ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti dá ilé àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní Harlem nígbà yẹn, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìlù àti ijó, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tí ń fi afẹ́fẹ́ san owó ilé.

Lójú ọ̀nà Àjídò, àgbọn ló gba ọ̀tún àti òsì. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ já mi sílẹ̀, èéfín ẹja ni mo tẹ̀ lé dé etí omi. Àwọn obìnrin ń yan epìyà lórí àrò, apẹ̀rẹ̀ ẹja tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ewúrẹ́ kan ń wá ohun tí yóò jẹ. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn, mo bẹ̀bẹ̀ kí n lu orin díẹ̀. Orin Odun De! Odun De! ni mo tẹ̀, láti inú àwo 1960. Ìyá kan tó ń yí ẹja padà pẹ̀lú ọwọ́ lásán, tí iná kò ṣe ní nǹkan kan, dá ọwọ́ dúró nígbà tí ègbè dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbè é? Yorùbá ni wọ́n ń sọ ni?"

Etí rẹ̀ kò tàn án jẹ. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ àwo yẹn bí ẹ bá ní i. Nígbà tí Ọlátúnjí bá dá orin, ohùn rẹ̀ jókòó síbi tó yẹ, òkè wà lókè, ìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bí àwọn elégbè bá dá a lóhùn, ohun tó yẹ kó lọ sílẹ̀ á gbéra, ìparí gbólóhùn á tẹ̀ sókè bí ẹni ń béèrè ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọlátúnjí fúnra rẹ̀ ló fi orin náà sí wọn lẹ́nu, ní New York. Ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà náà ni púpọ̀ nínú àwọn tó bá a lu ìlù. Ìyá ẹlẹ́ja kò mọ gbogbo èyí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi mọ̀ pé àjèjì wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ó ní wọ́n gbìyànjú.

Ibí yìí ni èmi kò ti gbà pẹ̀lú àwọn tó ń pín iṣẹ́ Ọlátúnjí sí méjì, tí wọ́n ń sọ pé ó lu ojúlówó ìlù ní 1960, lẹ́yìn náà ó bà á jẹ́ pẹ̀lú jáàsì àti sóòlù. Àdàlù ni láti ọjọ́ kìíní. Ohun tó yí padà ni pé ní 1960, ẹni tó ń rà á ní Amẹ́ríkà kò ní etí tí yóò fi gbọ́ àdàlù náà. Ní 1961, nígbà tí Columbia fi Yusef Lateef àti Clark Terry, àgbà onífèrè jáàsì méjì, sínú Zungo!, gbogbo ayé gbọ́ ọ, nítorí fèrè ni, wọ́n sì mọ fèrè. Àwo High Life! jáde ní 1963, More Drums of Passion ní 1966. Kò sí èyí tó lókìkí tó àkọ́kọ́.

Lábẹ́ igi kan, níbi tí wọ́n so ọkọ̀ ojú omi mọ́, mo bá àwọn bàbá kan tí wọ́n ń ta ayò. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú ìgbádùn. Wọ́n ní kí n jókòó. Nígbà tí mo dárúkọ Ọlátúnjí, wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì fi àwo 1960 náà sí i fún wọn.

Bàbá tó jókòó sọ́wọ́ òsì mi gbọ́ ọ dé ìdajì kó tó sọ̀rọ̀. "Ọmọ wa ni. Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ìlù yìí, kì í ṣe ìlù wa. Níbo ni sátò wà níbẹ̀?"

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ògù yóò mọ ohun tí bàbá ń sọ. Ìlù gàgàrà ni sátò, òòró ni wọ́n ń gbé e dúró, igi ni wọ́n fi ń lù ú, ayẹyẹ ìrántí àwọn òkú ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Ọlátúnjí kò gbé e lọ sí New York. Yorùbá ló gbé síwájú nínú àwo rẹ̀: Ṣàngó wà níbẹ̀, Ọya wà níbẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ní Àjídò nìyẹn, kò sì sí sóòlù nínú rẹ̀.

Mo wá ronú pé kí n gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ sí ẹni tó gbé sátò gan-an wọ sóòlù. Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnù ni mo tẹ̀, ẹgbẹ́ tí Mélomé Clément kó jọ ní 1968. Kútọnù kò jìnnà sí Àgbádárìgì rárá bí ọ̀nà Sẹ̀mẹ́ bá dára. Ẹgbẹ́ yìí gbọ́ James Brown, olórin sóòlù Amẹ́ríkà, yó, wọ́n sì mú sátò pẹ̀lú ìlù Sakpata, tí àwa ń pè ní Ṣọ̀pọ̀ná, wọ́n fi gìtá iná, dùùrù àti fèrè kọ́ ọ. Fọ̀n, Mina, Yorùbá, Faransé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi kọrin. Wọ́n tún máa ń wá gba orin sílẹ̀ ní Èkó, ní ilé iṣẹ́ EMI.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí bàbá ọwọ́ òsì fi ń fi ìka lu ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n ayò. "Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí mọ ilé."

Ẹnì kejì rẹ̀ fajú ro. Òun ní èyí gan-an ló burú jù. Ó ní ẹni tó lu Ṣàngó fún òyìnbó ní òkè òkun, ta ló mọ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tó mú ìlù òkú àti ìlù Sakpata lọ sí ilé ọtí, tí ọmọdé ń mu bíà sí i, tó ń fi ìdí jó o, ta ló fún un láṣẹ? "Ìlù tó ní ọjọ́ tirẹ̀, tó ní àwọn tó ń lù ú! Wọ́n á ti gìtá bọ̀ ọ́!"

Ẹnì kẹta kò gbójú kúrò lórí ayò rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ náà ò jó o nígbà yẹn ni?"

Ẹ̀rín gba ẹnu gbogbo wọn. Bàbá tó ń bínú náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó tún un sọ, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: àṣẹ ni. Mo rò pé òun nìkan ló sọ ibi tí ọ̀ràn wà láàárín gbogbo àwọn tí mo bá pàdé. Àwọn yòókù ń wí pé ó dùn tàbí kò dùn, ó jẹ́ tiwa tàbí kì í ṣe tiwa. Òun ní ó dùn, ó jẹ́ tiwa, kò sì yẹ kó jáde. N kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ìlù tí kò bá jáde rárá, ọmọ tí a bí lánàá ò ní gbọ́ ọ. Síbẹ̀ n kò rí èsì gidi fún un níbẹ̀, mo sì dákẹ́.

Irú awuyewuye yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, Geraldo Pino, ọmọ Sierra Leone, kó ẹgbẹ́ Heartbeats rẹ̀ wọ̀lú pẹ̀lú orin James Brown, àwọn ọ̀dọ́ sì ya tẹ̀ lé e. Àwọn tó fẹ́ràn háíláìfù ń ráhùn. Fẹlá, tó ń fi Koola Lobitos lu háíláìfù àti jáàsì nígbà náà, rí i pé ilẹ̀ ń yọ́ mọ́ òun lẹ́sẹ̀. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, ó padà dé pẹ̀lú Afrobeat. Nígbà tí James Brown fúnra rẹ̀ wá sí Nàìjíríà ní 1970, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo Fẹlá ní ilé ijó rẹ̀. Lónìí, ta ló ń bi Fẹlá léèrè ibi tó ti rí sóòlù?

Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo Àjídò fi ẹnu kò lé lórí lọ́jọ́ náà. Mo lu ohun tí John Coltrane, àgbà onífèrè jáàsì, fọn ní ilé àṣà Ọlátúnjí ní Harlem ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1967, nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ikú tó mú Coltrane. Fèrè ń han bí ẹni tí wọ́n ń ká mọ́ inú ilé, Algie DeWitt ń lu bàtá lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀ kò sì dára. Àwọn ọ̀mọ̀ràn jáàsì ń bọlá fún un káàkiri ayé. Ọmọkùnrin kan tó ń hun àwọ̀n wo sípíkà mi, ó wo ojú mi. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á." Àwọn bàbá tó wà nídìí ayò ní ó ti sọ òótọ́.

Ọlátúnjí kú ní California ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2003. Ọ̀la ọjọ́ náà ni ìbá pé ẹni ọdún 76. Òun náà wà lára àwọn tó lu ìlù nínú Planet Drum ti Mickey Hart, onílù Amẹ́ríkà, àwo tó gba ẹ̀bùn Grammy àkọ́kọ́ tí wọ́n fún orin àgbáyé. Lójú tèmi, Drums of Passion ló sọ ọ́ di èèyàn ńlá, àwo 1973 ló sì lè mú kí ọmọ Àgbádárìgì òde òní mọ̀ ọ́n, nítorí òun ni àwọn oní-kẹ̀kẹ́ ní kí n tún lù.

Ẹ̀yin onírédíò ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ̀yin náà ni ọ̀rọ̀ kàn. Jingo tí ẹ máa ń lù ní alẹ́ Sátidé, tí ẹ ń pè ní ti Santana, inú àwo Drums of Passion ni Santana ti rí i mú ní 1969. Ọmọ Àjídò ló ni ín. Ẹ máa dárúkọ rẹ̀ kí ẹ tó lù ú.