Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Sìgá kì í wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé kí ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà má tíì fi sìgá sílẹ̀, kí tirẹ̀ má baà burú sí i. Òótọ́ ni pé ara ń tù ú bó bá fà á, àmọ́ àìrí nikotíìnì inú sìgá ló dá ìnira tó fúyẹ́ yẹn sílẹ̀. Iná tí sìgá fúnra rẹ̀ dá ló ń pa. Ìwádìí 26 tí ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé yẹ̀ wò ní 2014 fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì dín kù lára àwọn tó jáwọ́, títí kan àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń le, kò sí àní-àní. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ dá wọn dá a. Ẹ bá wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, torí jíjáwọ́ lè mú kó yí ìwọ̀n oògùn kan tí wọ́n ń lò padà.