Ẹlẹ́rìí Mẹ́ta Lórí Ilẹ̀ Tó Pá

Nínú gbogbo koríko tó ń hù lágbàlá wa ní Alímòṣọ́, gbégi ló gba ilẹ̀ líle mọ́ra jù. Ibi tí táyà ọkọ̀ ń gbà wọ géètì, ẹ̀bá fẹ́ǹsì tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ibi tí bíríkìlà ti po sìmẹ́ńtì nígbà tí ilé ń lọ lọ́wọ́: níbi tí koríko olówó bá ti kú, ibẹ̀ ni gbégi ń tẹ́ ara rẹ̀ pẹrẹsẹ sí. Ìdí rẹ̀ funfun, gbòǹgbò rẹ̀ sì yi. Ẹni tó bá fọwọ́ lásán fà á, ewé nìkan ni yóò já lé e lọ́wọ́. Onílé a máa bú u pé òun ló pa koríko òun. Irọ́ ni. Koríko ti kú kí gbégi tó dé. Ẹlẹ́rìí lásán ni.

Àwọn ìyá wa kò mọ irú wàhálà yìí. Ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n fẹ́ níwájú ilé, kí ejò má ríbi sá pamọ́ sí, ojú ọ̀lẹ ni wọ́n sì fi ń wo ẹni tí koríko bá kún ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ìjọba, ní Ìkòyí àti àwọn GRA, la ti kọ́ àṣà kí á máa gbin koríko, kí á máa bomi rin ín, kí á tún máa gé e. Lónìí, láti Gowon Estate dé Ìkòtún àti Ìgàndò, ẹni tí kò bá tíì da íntálọ́ọ̀kì bo gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ kó tutù yọ̀yọ̀. Èmi fara mọ́ koríko tó pá ju íntálọ́ọ̀kì lọ. Ó kéré tán, omi òjò ríbi wọlẹ̀ kó tó ya sí títì.

Méjì ló wọ́pọ̀ nínú koríko tí a ń rà. Kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Ewé rẹ̀ fẹ̀, orí ilẹ̀ ló ń rákò lé, ó sì ń ta gbòǹgbò ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ó lè fara da ibòji, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ ọyẹ́ máa ń sun ún. Bàhámà ní tirẹ̀ wà nílẹ̀ Áfíríkà láti ilẹ̀ wá. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń rìn lókè, ó ń rìn nísàlẹ̀ ilẹ̀, oòrùn kò sì bà á lẹ́rù. Ẹ gbìn ín sábẹ́ máńgòrò, kò ní pẹ́ kó tó gbẹ.

Ẹlẹ́rìí kejì ni dandá. Ibi tí omi bá ti ń dúró lẹ́yìn òjò ló máa ń pọ̀ sí, lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kán, tàbí lẹ́bàá ọpọ́n omi. Ewé rẹ̀ ń dán, igi òdòdó rẹ̀ ní igun mẹ́ta. Ìṣòro rẹ̀ wà nísàlẹ̀: ó ní kóró dúdú wẹ́wẹ́ tó ń ta sánsán, tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀ mọ́ra. Ẹ fa ewé tu, okùn á já, kóró á kù sílẹ̀, yóò sì tún rú yọ. Oògùn apakoríko tí wọ́n ń tà lọ́jà sì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ dandá yàtọ̀ sí kápẹ́ẹ̀tì. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á jọ pa. Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà àbáyọ fún omi.

Patanmọ́ ni ẹ̀kẹta, tí àwọn ọmọdé ń fọwọ́ kàn kó lè ká ewé rẹ̀ jọ. Ilẹ̀ tó ti ṣá kò dí i lọ́wọ́, torí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú gbòǹgbò rẹ̀ máa ń bá a gba náítírójìn látinú afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí pé nígbà tí a bá ń kọ́lé, a máa ń ha ilẹ̀dú orí rẹ̀ dànù, kí á tó fi yanrìn típà dí i.

Títún koríko gbìn sórí ilẹ̀ tó pá kò le, sùúrù ló gbà. Fọ́ọ̀kì la fi ń tú ilẹ̀ tó jìn tó gígùn àtẹ́lẹwọ́ kan, kí á ṣa àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti ọ̀rá kúrò, kí á po ilẹ̀dú mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, torí tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà ni kí á já koríko wẹ́wẹ́, kí á gbìn ín ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ síra, kí á sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti mú, ẹ má jẹ́ kí alágékoríko fi àdá fá a kodoro, bí ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń ṣe kó lè pẹ́ kí ẹ tó tún pè wọ́n. Ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ ti tó lẹ́ẹ̀kan.

Oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún ló dára jù láti gbìn ín. Òjò máa ń dá díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, nítorí náà ẹ gbé omi sítòsí. Oṣù Kẹsàn-án ṣì ṣeé lò. Ẹni tí oṣù Kẹwàá bá parí mọ́ lọ́wọ́, kó tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀, kó máa da ìgbẹ́ adìẹ sí i, kó sì fi owó koríko pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀.