Owó ọbẹ̀ ò tó, ọ̀rọ̀ dìjà láàárín tọkọtaya: ọgbọ́n tàwọn ìyàwó ilé fi ń sebẹ̀ l'Ékòó rèé

Ẹni tó bá ti gbé ilé oníyàrá mẹ́wàá rí, ilé tí ilẹ̀kùn dojú kọ ilẹ̀kùn, bóyá ní Mushin ni o, bóyá ní Àjẹgúnlẹ̀ ni o, kò sí bí kò ṣe ní i mọ ìjà yìí. Aago mẹ́fà àárọ̀ ò ní i tíì lù tán tí ohùn obìnrin á ti máa jáde láti yàrá kẹta: "Bàbá Ìbejì, kí lẹ fẹ́ kí n fi èyí rà?" Ọkọ á ní ṣebí òun gbé owó sílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí ló fi ṣe? Ìyàwó á ní kó tẹ̀lé òun lọ sọ́jà kó wá fojú ara ẹ̀ rí i. Ọkọ á bọ́ síta, á gba ibi iṣẹ́ lọ láìjẹun, àwọn ará ilé á sì máa ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tó ń dunni nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ọkọ ò purọ́, ìyàwó náà ò purọ́. Òótọ́ ni pé ọkọ gbé owó sílẹ̀, iye tó máa ń gbé sílẹ̀ náà ni. Òótọ́ sì ni pé owó ọ̀hún ò ra nǹkan. Owó dúró sójú kan, ọjà ló ṣí kúrò níbi tó wà. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, tí wọ́n sì jọ̀wọ́ náírà fún ọjà nínú oṣù kẹfà ọdún náà, kò tún sí ohun tó dúró sí iye tó wà mọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka ìṣirò, NBS, sọ pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láàárín ọdún kan. Ìyẹn ni pé ọjà tí wọ́n ń fi 1,000 náírà rà tẹ́lẹ̀, ó kù díẹ̀ kó wọ 1,410 náírà. Lóòótọ́, nínú ọdún 2025, owó ìrẹsì, gàrí àti ẹ̀wà wálẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò padà síbi tó wà kí gbogbo ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣírò ẹ̀. Oṣù keje ọdún 2024 ni ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà láti orí 30,000. Bí bàbá kan bá ń gba 70,000 yẹn, tó ní ìyàwó kan àtọmọ mẹ́ta, tí wọn ò san owó ilé, tí wọn ò wọ mọ́tò, tí wọn ò ra bébà tàbí pẹ́ńsù, tó jẹ́ inú ìkòkò ni gbogbo owó náà ń wọ̀, iye tó máa kan ilé lójúmọ́ kan ò ju 2,333 náírà lọ. Ẹ pín ìyẹn sí ọ̀nà márùn-ún, 466 náírà ni ẹnì kan máa fi jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ta ló sì wà ní Èkó tí kò san owó ilé?

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí i pé bí wọ́n bá ní oúnjẹ pọ́ọ́kú wà níbì kan, àwọn èèyàn á fẹsẹ̀ fẹ. Nínú oṣù kejì ọdún 2024, àwọn aṣọ́bodè ní àwọn fẹ́ ta ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ ní Yaba, àpò kékeré oníkílò 25 fún 10,000 náírà. Èrò rọ́ wọ̀lú, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, àjọ náà fúnra ẹ̀ sì jẹ́wọ́ pé èèyàn méje ló kú. Èèyàn méje, nítorí ìrẹsì.

Síbẹ̀, àwọn obìnrin kan wà ládùúgbò yìí kan náà, owó tó ń wọlé fún wọn ò ju tàwọn ará yòókù lọ, àmọ́ ìkòkò wọn kì í gbẹ. Kì í ṣe pé wọ́n lóògùn. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí lára wọn ni pé wọn ò fẹ́ràn kí wọ́n máa ra nǹkan wẹ́wẹ́. Òróró tí wọ́n rọ sínú ọ̀rá, epo àbọ̀ ìgò, ṣúgà ọ̀rá kéékèèké, mílíìkì alápòótí, gbogbo ẹ̀ ló ń wọ́n ju ti odidi lọ bí ẹ bá fara balẹ̀ ṣírò ẹ̀. Ẹni tówó ẹ̀ ò tó ra odidi ló sì ń ra wẹ́wẹ́, òun ló ń sanwó jù. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbé e gbà ni pé obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún á para pọ̀, wọ́n á dáwó, wọ́n á lọ gbé odidi àpò ìrẹsì kan ní Daleko, tàbí kẹ́ẹ̀gì epo kan, wọ́n á wá pín in. Bí wọ́n ṣe ń pín in náà lọ́gbọ́n nínú: ẹni tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kì í ṣe ẹni tó máa wọn ọjà, ẹni tó bá sì wọn ọjà ló máa mú tiẹ̀ kẹ́yìn. Níbi tí wọn ò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣiyèméjì, ìjà ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n á sì bá ara wọn yodì títí dọdún.

Ọ̀rọ̀ òsùnwọ̀n náà kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Kóńgò tó wà lọ́wọ́ ìyá olójà yìí lè má bá tẹnì kejì mu. Àwọn kan ti lu ìdí tiwọn wọ inú, bí wọ́n bá sì wọn ọjà síbẹ̀ tó ga bí òkè, ojú lásán ni. Agolo tí gbogbo wa ń pè ní dẹ́ríkà yìí náà, agolo tòmátò ni tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Obìnrin tó bá mọ̀ ọ́n rà á kọ́kọ́ sọwọ́ sínú kóńgò kó tó ná ọjà. Bí ìyá olójà bá fajú ro, á rọra rẹ́rìn-ín sí i: "Ìyá mi, ẹ má bínú, ẹ sáà bá mi fi owó kan kún un, kọ́sítọ́mà yín ni mí." Àwọn mìíràn tiẹ̀ ní kóńgò tiwọn nílé. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á tún un wọ̀n, bí kò bá pé, ìyá yẹn ò tún ní i rí wọn mọ́.

Nípa ata àti tòmátò, gbogbo ayé ló mọ̀ pé Mile 12 ni. Àmọ́ bí èèyàn bá ń gbé ní Ìyánà-Ìpájà, tó wọ mọ́tò méjì lọ ra ata ọ̀sẹ̀ kan, owó mọ́tò á ti jẹ èrè yẹn tán kó tó délé. Mile 12 dára fún ẹni tó fẹ́ ra apẹ̀rẹ̀, tó sì rí ẹni bá a pín in. Ẹni tí kò bá ra tó bẹ́ẹ̀, kó lọ sí ọjà àdúgbò ẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí olójà ń palẹ̀ mọ́, tí kò fẹ́ kí tòmátò òun sùn mọ́jú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ẹ̀sà rà, èyí tó ti rọ̀ díẹ̀, tí tara ẹ̀ ti bẹ́. Ẹ̀sà ò lábùkù fún ẹni tó máa sè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èyí tó bá ti hu funfun tàbí dúdú lára, tàbí tó ti ń rùn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, ẹ má ní ẹ máa gé ibi tó bàjẹ́ kúrò. Owó ilé ìwòsàn ju owó tòmátò lọ.

Àsìkò tún ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tòmátò máa ń ya wọ Èkó láti òkè ọya, nítorí ìgbà yẹn ni wọ́n ń kórè èyí tí wọ́n fi omi odò gbìn. Bí òjò bá ti wá mú ilẹ̀, á wọ́n. Lọ́dún 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ya bo oko wọn ní Kàdúná àti Kánò, ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìjọba Kàdúná kéde pé pàjáwìrì ni. Obìnrin tó gbọ́n kì í dúró de ìgbà ọ̀wọ́n. Nígbà tó bá pọ̀, á rà á, á lọ̀ ọ́, á sè é títí omi ẹ̀ á fi gbẹ, á fi òróró dín in, á rọ ọ́ sínú ìgò tó mọ́, òróró á sì lé téńté sójú ẹ̀. Bó bá ní fíríìsà tí iná sì wà, ó dára. Bí kò bá sí, kó má ṣe èyí tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Lọ́dún 2024 tí gbogbo ẹ̀ gbówó lórí, àwọn kan ń lọ kárọ́ọ̀tì àti kùkúńbà mọ́ tàtàsé. Ẹni tó jẹ ẹ́ ló lè sọ bó ṣe dùn sí.

Bó ṣe rí náà nìyẹn fún epo pupa, láti nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ló máa ń pọ̀. Iṣu tuntun ń dé láàárín òjò. Ẹ̀wà tuntun ń wọlé láti òkè ọya bí ọdún bá ti ń lọ sópin.

Tí a bá dé orí ẹ̀wà, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí òun lolú ọbẹ̀ fún ẹni tí kò lówó ẹran. Ẹ̀wà lè di àdàlú lónìí, kó di mọ́ínmọ́ín lọ́la, kó di gbẹ̀gìrì lọ́tunla, àwọn ọmọ ò ní i mọ̀ pé ohun kan náà làwọn ń jẹ. Ohun tó ń lé èèyàn sá fún un ni gáàsì. Ẹni tó bá ń fi wákàtí méjì se ẹ̀wà, bí ẹ̀wà ò bá wọ́n, gáàsì á wọ́n. Ẹ rẹ ẹ́ sómi lálẹ́, ẹ da omi yẹn nù láàárọ̀, ẹ gbé e kaná, bó bá ti hó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ paná, ẹ dé e pa, ẹ lọ wẹ àwọn ọmọ. Bí ẹ bá padà wá ní wákàtí kan, ó ti rọ̀ dé ìdajì, iná díẹ̀ ló kù. Èyí sàn ju káún lọ, nítorí káún ń ba fítámì inú ẹ̀ jẹ́. Àwọn tó ń ju páráṣẹ́támọ̀ sínú ẹran kó lè tètè rọ̀, NAFDAC ti pariwo fún wọn pé májèlé ni wọ́n ń sè. Ìbẹ́pẹ dúdú tí kò tíì pọ́n máa ń rọ ẹran láìpa ẹnikẹ́ni.

Ohun mìíràn tún wà nídìí ẹ̀wà. Àwọn olójà kan máa ń da Sniper sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn náà, síbẹ̀ ìwà yẹn ò tán. Ẹ gbóòórùn ẹ̀wà kí ẹ tó rà á. Èyí tó ní kòkòrò díẹ̀ lára ṣì dára ju èyí tí kòkòrò ò jẹ́ sún mọ́ lọ. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa.

Ẹran wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹran ti di àlejò. Pọ̀nmọ́ tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ náà ti ga lójú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣara lóore bí ẹja. Kòtè àti ṣáwá pọ́ọ́kú ju títù lọ, wọn ò sì kéré sí i nínú ohun tí ara ń fẹ́. Àwọn obìnrin tó ń pín ìrẹsì yẹn náà ló ń pín páálí ẹja. Bí kò bá síná, kí wọ́n yan án kó gbẹ, á pẹ́ díẹ̀. Edé lílọ̀ ṣíbí kan nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú ń ṣe bẹbẹ, tẹ̀tẹ̀ ọ̀hún sì ń hù nínú àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n bu ilẹ̀ sí lẹ́yìn ilé, kò bèèrè ilẹ̀ púpọ̀. Fún àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, ẹyin kan tí wọ́n pín sí méjì, tàbí sóyà tí wọ́n lọ̀ mọ́ ògì, ó dára ju kí wọ́n máa mu gàrí lásán láàárọ̀ àti lálẹ́ lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣìṣe: bàbá ló ń jẹ ẹja tó tóbi jù, ọmọ ọdún méjì ń jẹ omi ọbẹ̀. Nǹkan tí wọ́n bá wa mọ́ àṣà nìyẹn, àmọ́ ọmọ ló ń dàgbà, kì í ṣe bàbá.

Ká padà sí yàrá kẹta. Àwọn tọkọtaya kan ti rí ojútùú sí ìjà yẹn, ìwé kékeré oní náírà díẹ̀ ni wọ́n rà. Ohun tí ìyàwó bá rà, á kọ ọ́ síbẹ̀, iye tó rà á lọ́sẹ̀ tó kọjá àti iye tó rà á lọ́sẹ̀ yìí. Ọkọ ò ní í béèrè pé kí ló fi ṣe, á kàn ṣí ìwé. Àwọn ọkọ mìíràn ń bá ìyàwó wọn dé ọjà ní Sátidé kan lóṣù, kì í ṣe láti lọ ṣọ́ ọ, láti bá a gbé ẹrù ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbọ́ iye tí wọ́n ń ta apẹ̀rẹ̀ rodo kékeré, wọ́n á ní kí ìyá olójà tún un sọ, wọ́n rò pé àwọn ò gbọ́ ọ dáadáa. Ìyàwó ò ní í sọ̀rọ̀. Á kàn mú báàgì, á sún síwájú lọ ná tàtàsé.