Àdéhùn Ìbọn Àgbáyé àti Ọdẹ Òkè-Ògùn

Bí ọ̀rọ̀ àdéhùn ìbọn bá ti jáde lórí rédíò, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ìbéèrè kan náà làwọn tó ní ìbọn nílé máa ń bèèrè: ṣé wọ́n tún ń bọ̀ wá gba ìbọn wa ni? Ìbéèrè òpè kọ́. Ẹni tí oko rẹ̀ bá igbó pààlà, tí ọlọ́pàá sì jìnnà sí, kò lè fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ìbọn. Ṣùgbọ́n òfin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn, òfin Nàìjíríà nìkan nínú wọn ló sì lè sọ ọdẹ sẹ́wọ̀n.

Wọ́n ti ṣe é fún wa rí

Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn tọwọ́ bọ̀wé nílùú Brussels. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ìbọn ìgbàlódé wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́, Òkè-Ògùn sì bọ́ sáàárín ààlà tí wọ́n fà. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Ìdí tó dára ni. Ìbọn wo ni wọ́n wá fi sílẹ̀ fún wa? Èyí tí à ń ki láti ẹnu, tí òkúta ń ṣáná sí, pẹ̀lú ẹ̀tù ọjà. Bẹ́ẹ̀ ogun Kírìjì ti fi hàn nígbà náà bí èyí tí à ń ki láti ìdí ṣe lágbára tó. Nígbà tó di 1895, Captain Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, rọ̀jò àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́. Ṣakabùlà tí à ń pè ní ìbọn bàbá wa yìí, òun náà ni àdéhùn fi sílẹ̀ fún bàbá wa. Bí ọlọ́dẹ bá ń fura sí ìwé tí wọ́n kọ lókè òkun, mi ò lè bá a wí.

Ti 2013: olùtajà ló ń bá wí

Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 2013 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí Àdéhùn Òwò Ohun Ìjà. Orílẹ̀-èdè 154 gbà á, 23 ò dá sí i, Iran, Síríà àti Kòríà Àríwá kọ̀ ọ́. Nàìjíríà fọwọ́ sí i pátápátá ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún náà.

Ohun ìjà tó ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ló ń ṣòfin lé: ọkọ̀ ogun, bàálù ogun, mísáìlì, títí dórí ìbọn kéékèèké. Bí olùtajà bá mọ̀ pé ará ìlú ni wọ́n máa fi ọjà òun pa, kò gbọdọ̀ tà á. Ìwé náà sọ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé ìjọba kọ̀ọ̀kan ló ni ẹ̀tọ́ láti ṣètò ìbọn tó wà lórí ilẹ̀ tirẹ̀, ó sì gbà pé èèyàn lè ní ìbọn fún àṣà àti eré ìdárayá níbi tí òfin bá ti fàyè gbà á. Ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ Ṣakí rọ, tí ọdẹ Ṣakí rà, kò kọjá ibodè kankan.

Ẹ̀rù pé wọ́n máa gba ìbọn kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ní ìbọn ń bẹ̀rù pé orúkọ àwọn máa wọ ìwé. Lóòótọ́, àdéhùn náà ní kí ìjọba máa ṣàkọsílẹ̀ ohun ìjà tó ń jáde, ó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn láti kọ orúkọ ẹni tó máa lò ó, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba yẹn fúnra rẹ̀ ni ìwé náà ń wà. Obama tẹ́wọ́ gbà á, àwọn aṣòfin àgbà wọn ò fọwọ́ sí i; ní oṣù kẹrin 2019, Trump dúró níwájú NRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ní ìbọn, ní Indianapolis, ó ní Amẹ́ríkà ti yọwọ́.

Ẹ wo èyí tó kàn wá. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, kọ́sítọ́ọ̀mù já kọ̀ǹténà kan ní èbúté Tin Can l'Ékòó: ìbọn pump-action 1,100 ló wà nínú rẹ̀, láti Tọ́kì. Àpapọ̀ èyí tí wọ́n gbà lọ́dún yẹn títí di oṣù náà jẹ́ 2,671. Tọ́kì ti tọwọ́ bọ àdéhùn 2013, kò tíì sọ ọ́ di òfin. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn ń lé, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tíì tó o.

Ti ECOWAS sún mọ́ ilé

Àdéhùn ìbọn ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ l'Ábújá ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2006 ló dárúkọ ará ìlú. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìbọn sọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ, kó dúró fún ọjọ́ 21 ó kéré tán, kí ìwé náà ní ọjọ́ ìparí, kí wọ́n tọ́jú ìbọn pamọ́ lọ́tọ̀, ọta lọ́tọ̀. Ó tún ní kí ìjọba mójú tó àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ìbọn. Kò ní kí wọ́n pa àgbẹ̀dẹ rẹ́.

Òfin tó ń sọni sẹ́wọ̀n

Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ni, ó sì ti wà ṣáájú àwọn àdéhùn méjèèjì yìí. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Ti ológun àti ìbọn ìléwọ́ wà nínú èyí tó kà léèwọ̀. Ìbọn ìdọdẹ lásán, ọlọ́pàá ló ń fúnni níwèé rẹ̀. Ṣakabùlà wà láyè ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kọsẹ̀ lára pump-action. Wọ́n rò pé ìbọn ìdọdẹ náà ni, bẹ́ẹ̀ òfin yọ ìbọn ìdọdẹ tó ń fi ẹ̀rọ gbé ọta sẹ́nu kúrò lára èyí tí ará ìlú lè gbàwé fún. Kò sí ìwé fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Òfin mìíràn, tí wọ́n fi de ìdigunjalè, ní kí ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn àìlẹ́tọ̀ọ́ mọ́ lọ́wọ́ san ₦20,000, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí kó ṣe méjèèjì. Gbígbé ìbọn wọ inú Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé láìgbàṣẹ tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ibi tí ẹ̀dùn ọkàn náà ti tọ́

Ẹni tó gbàwé ni orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ajínigbé kò kọ orúkọ síbì kan. Nígbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá Ibrahim Idris pàṣẹ ní oṣù kejì 2018 pé kí wọ́n gba ìbọn tí kò bófin mu káàkiri, ta ló rọrùn jù láti bá nílé? Ìjọba àpapọ̀ ò sì gbà kí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn gbé AK-47. Èmi ò rí ibi tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti jẹ̀bi èyí. Àbújá ló yẹ kí ọlọ́dẹ bi.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ní ìbọn nílé: ẹ tún ìwé yín ṣe lọ́dọọdún, ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Bí wọ́n bá gba ìbọn yín, ẹ bèèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á, kí nọ́ńbà ìbọn náà wà nínú rẹ̀. Ìbọn tí bàbá tó ti dolóògbé fi sílẹ̀ lórí àjà, orúkọ bàbá ni ìwé àṣẹ rẹ̀ ń jẹ́, kò bo ọmọ. Kí àwọn ọmọ mú ìwé àtijọ́ yẹn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n bèèrè bí wọ́n ṣe máa ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìbọn náà sọ̀ kalẹ̀ torí ọdún Ògún.