Ìwọ̀n Iyọ̀ Tó Yẹ Nínú Àpótí Gíláàsì Tuntun fún Àwọn Ẹ̀dá Inú Òkun

Ìfáàrà

Àpótí gíláàsì tí a fi ń sin ẹja kì í ṣe ohun àjèjì ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa mọ́. Ẹpìyà, ẹja àrọ̀ àti àwọn ẹja wẹ́wẹ́ aláràbarà ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, omi odò tàbí omi ẹ̀rọ lásán sì ti tó wọn. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí olùkọ́ bá fẹ́ fi ẹ̀dá inú òkun han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì: ẹja òkun, akàn, edé, ẹja ìràwọ̀, tàbí àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ń kọ́ òkúta iyùn sí ìsàlẹ̀ òkun. Omi tí irú àwọn wọ̀nyí ń fẹ́ kò sí nínú kànga. Pípò ni a máa ń pò ó, ibi ìpò yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ àpótí tuntun ti ń bàjẹ́ kí ẹja kankan tó wọ inú wọn. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n iyọ̀ omi bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń tún un ṣe bí ó bá ṣì, àti ìdí tí irinṣẹ́ tí a fi ń wọ̀n ọ́n fi yẹ ní ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán wò ná.

Iyọ̀ òkun àti iyọ̀ ọbẹ̀

Ní ojú agbami, kílógíráàmù omi òkun kan a máa ní nǹkan bí 35 gíráàmù iyọ̀ nínú. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń kọ sílẹ̀ ní 35 nínú 1,000. Kí a fi ọkàn sí i pé kílógíráàmù ni a wí, kì í ṣe lítà. Lítà omi òkun kan wúwo ju kílógíráàmù kan lọ díẹ̀, nítorí náà iyọ̀ inú lítà kan súnmọ́ 36 gíráàmù.

Iyọ̀ yìí kì í ṣe ẹyọ ohun kan ṣoṣo. Nínú 35 gíráàmù náà, kílóráìdì kó nǹkan bí 19.4, sódíọ̀mù kó 10.8, sọ́fétì 2.7, maginíṣíọ̀mù 1.3, nígbà tí kásíọ̀mù àti potásíọ̀mù kó nǹkan bí 0.4 lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín 1872 sí 1876, ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Challenger yí àwọn òkun ayé ká, ó sì ń bu omi bọ̀. William Dittmar yẹ 77 nínú àwọn omi náà wò, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1884: bí iyọ̀ tilẹ̀ pọ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ, ìpín àwọn èròjà wọ̀nyí sí ara wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Èyí ni ó mú iṣẹ́ ìwọ̀n rọrùn títí di òní. Ẹni tí ó bá wọn ohun kan péré nínú omi òkun, ìbáà ṣe ìwúwo rẹ̀ tàbí bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, ti mọ iye iyọ̀ tí ó wà níbẹ̀ lápapọ̀.

Ibẹ̀ náà ni a ti lè rí i pé iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè rọ́pò iyọ̀ òkun. Sódíọ̀mù àti kílóráìdì nìkan ni iyọ̀ ọbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Àwọn kan a máa dá ayọdíìnì inú rẹ̀ lẹ́bi, ṣùgbọ́n olórí ìṣòro kọ́ nìyẹn. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìṣòro: akàn ń fẹ́ kásíọ̀mù tí yóò fi ṣe èépá rẹ̀, ẹ̀dá iyùn ń fẹ́ ẹ tí yóò fi kọ́ ilé rẹ̀, maginíṣíọ̀mù sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ara gbogbo wọn. Iyọ̀ àpòpọ̀ tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí ni kí a rà.

Kì í ṣe gbogbo òkun ni ó jẹ́ 35. Òkun Pupa súnmọ́ 40, bẹ́ẹ̀ ni apá púpọ̀ nínú òkun Baltic kò tó 10. Nítòsí wa, ọ̀sà Èkó a máa yí padà láti ìgbà dé ìgbà: ní àsìkò òjò, omi odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn a ya wọ inú rẹ̀ tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi odò lásán, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi òkun a tún wọlé, iyọ̀ a sì ga. Olùkọ́ tí ó bá lérò pé òun yóò kàn lọ bu omi ní etíkun nítòsí ẹnu ọ̀sà ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, kí ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ohun tí òun bù máà jẹ́ omi òkun tán.

Òùngbẹ ẹja inú òkun

Ẹ̀jẹ̀ ẹja òkun elégungun kò ní iyọ̀ tó omi tí ó yí i ká. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni. Omi a sì máa gba awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá láti ibi tí iyọ̀ ti kéré lọ sí ibi tí iyọ̀ ti pọ̀. Nítorí ìdí èyí, omi ara ẹja ń jò lọ sínú òkun ní tọ̀sán tòru, pàápàá láti ara ẹ̀yà tí ó fi ń mí. Ó dà bí ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹja nínú omi. Ó ní láti máa mu omi òkun, kí ó máa gba ẹ̀yà tí ó fi ń mí lé àpọ̀jù iyọ̀ jáde, kí ìtọ̀ rẹ̀ sì kéré. Ti ẹja odò jẹ́ òdìkejì èyí pátápátá: omi ń ya wọ inú rẹ̀ ni, ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ̀.

Agbára ni ẹja fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí iyọ̀ inú àpótí bá ga sí i, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí i, agbára tí ì bá fi dàgbà tàbí kojú àrùn a sì máa ṣòfò sórí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹja sàn ju àwọn aláìlégungun lọ. Ẹja ìràwọ̀ kò ní ọ̀nà láti ṣàkóso omi ara rẹ̀. Bí iyọ̀ òkun bá ti rí ni ti inú rẹ̀ náà rí. Bí a bá gbé e láti inú omi 35 sínú omi 30 lójijì, omi yóò ya wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, wọn yóò wú, ẹ̀dá náà sì lè kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tí ó pa á. Ẹpìyà tí ń gbé inú ọ̀sà wa wà ní ìkangun kejì: ó lè gbé inú omi odò, ó sì lè gbé inú omi òkun. Ẹni tí ó bá fi ti ẹpìyà wọn ti ẹja ìràwọ̀ yóò pàdánù.

Ohun tí a ń pè ní ìwọ̀n tó yẹ, nígbà náà, ní apá méjì: kí ó súnmọ́ ti ibi tí ẹ̀dá náà ti wá, kí ó sì dúró lójú kan. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tí ó wá láti agbami àti láti àárín òkúta iyùn, 35 ni ó dára jù láti dì mú.

Irinṣẹ́ tí ń tan ni jẹ

Láàárín àwọn olùkọ́, ẹyin adìyẹ ni irinṣẹ́ tí a mọ̀ jù. A ó fi ẹyin sínú omi, a ó máa da iyọ̀ sí i títí ẹyin yóò fi léfòó. Ẹ̀kọ́ tí ó dára ni fún àwọn ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n kò wúlò níbí rárá. Ẹyin tútù wúwo ju omi òkun lọ. Ó máa ń rì nínú rẹ̀ ni. Iyọ̀ tí ó lè mú un léfòó ju 100 gíráàmù lọ nínú lítà kan.

Hydrometer ń ṣiṣẹ́ lórí èrò kan náà, àmọ́ òun ní àmì nọ́ńbà lára. Bí omi bá ti wúwo tó ni yóò ṣe léfòó tó. Bí a bá fi omi òkun 35 wé omi aláìníyọ̀, tí méjèèjì wà ní 25°C, omi òkun wúwo ní ìlọ́po 1.0264. Nọ́ńbà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn há sórí, ṣùgbọ́n wọn kì í béèrè ìwọ̀n ìgbóná tí a fi ṣe irinṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ hydrometer onígíláàsì ni a ṣe fún omi tí ó wà ní nǹkan bí 15.6°C. Bí a bá ti irú rẹ̀ bọ inú omi 35 tí ó wà ní 25°C, nǹkan bí 1.024 ni yóò kà, nítorí pé omi tí ó gbóná fúyẹ́ díẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé iyọ̀ kò tó, yóò máa bu iyọ̀ sí i títí yóò fi rí 1.0264, omi rẹ̀ yóò sì ti súnmọ́ 38. Àṣìṣe yìí kò ti ọwọ́ irinṣẹ́ wá. Àìka ohun tí a kọ sí i lára ni. Kí a tún ṣọ́ àwọn èyí tí a fi ike ṣe tí abẹ́rẹ́ ń yí nínú wọn: afẹ́fẹ́ kékeré tí ó bá lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ náà a gbé e sókè, iyọ̀ gbígbẹ tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn a sì fà á wálẹ̀.

Refractometer ń lo ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ a máa tẹ̀ nígbà tí ó bá wọ inú omi, bí iyọ̀ bá sì ti pọ̀ tó ni títẹ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ló ń fẹ́, èyí sì mú kí ó rọrùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń bẹ lọ́jà ni a ṣe fún omi iyọ̀ ọbẹ̀, èyí tí àwọn tí ń ṣe oúnjẹ ń lò. Omi òkun 35 àti omi tí a fi 36.5 nínú 1,000 iyọ̀ ọbẹ̀ pò ń tẹ ìmọ́lẹ̀ bákan náà. Nítorí náà irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ka 36.5 níbi tí ó yẹ kí ó ka 35. Ẹni tí ó bá sì là á títí yóò fi ka 35 yóò ní nǹkan bí 33.6. A kò lè fi omi aláìníyọ̀ nìkan mọ àléébù yìí, nítorí pé òdo yóò bá òdo mu, àṣìṣe a sì fara pamọ́ sókè.

Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro nínú yàrá ìwádìí tí ó ní òṣùwọ̀n tó péye. Kí a wọn 36.5 gíráàmù sódíọ̀mù kílóráìdì mímọ́ gbígbẹ, kí a yọ́ ọ nínú 963.5 gíráàmù omi tí a sẹ́ dáadáa. Refractometer fún omi òkun gbọ́dọ̀ ka 35 bí a bá kán omi yìí sí i; bí kò bá kà á, kí a yí ìdè kékeré ara rẹ̀ títí yóò fi kà á. Omi yìí ṣeé fi pamọ́ sínú ìgò tí a dé pa.

Irinṣẹ́ kẹta ń wọn bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú omi kọjá. Òun ni àwọn onímọ̀ òkun fi ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní 1978. Ní 25°C, omi 35 a máa ka nǹkan bí 53 mS/cm. Ó péye, owó rẹ̀ sì pọ̀.

Pípò omi náà

Omi tí a fẹ́ lò ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Omi ẹ̀rọ ìjọba lè ní kílórínì. Omi kànga ẹ̀rọ ní agbègbè etíkun lè ti ní iyọ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi tí a fi ẹ̀rọ sẹ́ dáadáa ni ó fini lọ́kàn balẹ̀ jù. Inú dúróòmù oníke tó mọ́ ni kí a ti pò ó, kì í ṣe inú irin. Omi ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí iyọ̀ tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń ru ú. Bí a bá da omi díẹ̀ lé orí iyọ̀ púpọ̀, kásíọ̀mù inú rẹ̀ a dì bí ẹfun sísàlẹ̀ omi, kì í sì í tètè yọ́ mọ́.

Iye iyọ̀ tí a ó bù kì í ṣe 35 gíráàmù géérégé fún kílógíráàmù, nítorí pé iyọ̀ àpòpọ̀ ní omi díẹ̀ nínú ara rẹ̀. Nǹkan bí 38 gíráàmù fún lítà kan ni a sábà ń lò; ohun tí a kọ sára àpò ni kí a tẹ̀ lé. Ní àsìkò òjò, àpò tí a kò dé pa a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ife iyọ̀ kan kò sì ní jẹ́ ife kan náà mọ́. Kí a fi ẹ̀rọ ru omi náà fún wákàtí 24 kí a tó wọ̀n ọ́n.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì bá ìṣirò omi mu. Àpótí tí a kọ 200 lítà sí lára lè máà gba ju 170 lọ nígbà tí iyanrìn àti òkúta bá ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá bu 7,000 gíráàmù iyọ̀ nítorí nọ́ńbà ara àpótí yóò ní ju 41 gíráàmù lọ nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Kí a ka lítà bí a ti ń bù ú.

Bí a bá ṣì í, tí ẹ̀dá kankan kò tíì wọ inú rẹ̀, a lè tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí 200 lítà omi bá jẹ́ 39, kí a bu nǹkan bí 20.5 lítà dànù, kí a fi omi aláìníyọ̀ rọ́pò rẹ̀, yóò sì padà sí 35. Bí ó bá jẹ́ 31, kí a yọ́ iyọ̀ tí ó kù sínú korobá lọ́tọ̀ kí a tó dà á sí i. Bí ẹ̀dá bá ti wà nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni, fún ọjọ́ púpọ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ gbígbé iyọ̀ sókè ni.

Omi ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ

Ohun tí ó ń ba àpótí jẹ́ lẹ́yìn pípò rẹ̀ ni omi tí ń gbẹ, èyí tí ọyẹ́ máa ń mú yá kánkán. Bí 200 lítà bá dín sí 190, gbogbo iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀. 35 ti di nǹkan bí 36.8. Omi aláìníyọ̀ ni a fi ń dí àlàfo yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fi ṣọ́ àpótí, tí ó wá ń fi omi iyọ̀ dí i, nítorí pé ó rò pé omi iyọ̀ ni ó dín, ń fi nǹkan bí 350 gíráàmù iyọ̀ kún un fún lítà 10 kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, omi náà yóò ti wọ 42.

Kí a fi táìpù kékeré sàmì sí ibi tí omi dé lára gíláàsì ní ọjọ́ tí ìwọ̀n bá pé. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí a fi omi aláìníyọ̀ dá a padà sí àmì náà, kí a sì kọ iye lítà, ìwọ̀n ìgbóná àti ohun tí irinṣẹ́ kà sínú ìwé tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí, pẹ̀lú ọjọ́ tí a dán irinṣẹ́ náà wò kẹ́yìn.