Ibi Tí Iná Pọ́ọ̀gì Ti Ń Wá

Ọkọ̀ tó ń jẹ epo bẹntiróòlù kò lè lọ àfi kí iná máa ta nínú pọ́ọ̀gì rẹ̀. Bátìrì 12 volt ló wà nínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ pọ́ọ̀gì lè fẹ́ tó 20,000 volt kí iná tó lè fo àlàfo kékeré ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ńṣe ni kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a ká mọ́ irin, ń gba iná lọ́wọ́ bátìrì, tó sì ń tì í sí pọ́ọ̀gì lójú ẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iná bátìrì ń wọ kọ́ìlì, pọ́ọ̀gì kì í ta; ìgbà tí iná yẹn bá já ló ń ta. Bátìrì ti yọwọ́ nígbà náà. Agbára tó ta ti ní láti wà nípamọ́ níbì kan, inú pápá òòfà tó yí wáyà ká ló sì wà.

Ẹnìkan lè ní inú wáyà gan-an ló wà. Bí a bá na wáyà bàbà kan tààrà, tí iná gbà á kọjá, tí a sì já a, bíńtín ni yóò ta, tó bá tiẹ̀ ta. Ká wá ká wáyà kan náà mọ́ irin, kí iná inú rẹ̀ má yí padà: bí a bá já a, yóò ta pàrà. Wáyà kò yàtọ̀, iná kò yàtọ̀. Òòfà nìkan ló pọ̀ sí i. Michael Faraday ti fi hàn ní London lọ́dún 1831 pé òòfà tó ń yí padà a máa bí iná. Bí òòfà kọ́ìlì bá ṣe yára wó sí ni volt ṣe ń ga sí, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kejì tí wọ́n ká ní àìmọye ìgbà sínú kọ́ìlì sì tún ń gbé e ga.

Ṣé 12 wá di 20,000 lọ́fẹ̀ẹ́ ni? Rárá o. Kọ́ìlì tí ìwọ̀n bó ṣe ń kó òòfà jọ (inductance) jẹ́ 0.008 henry, tí iná 4 ampere ń gba inú rẹ̀, kò tọ́jú ju 0.064 joule lọ. Volt ga, ṣùgbọ́n iná tó bá a rìn kéré, kì í sì í pẹ́. Ooru wáyà ń jẹ nínú agbára náà pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè fi kọ́ìlì bàbà tọ́jú iná ilé di alẹ́.

Ẹ má fọwọ́ kan wáyà pọ́ọ̀gì nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ẹnìkan bá ń pa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀: ìgbàkígbà tí iná kọ́ìlì bá já ló ń tú ohun tó kó pamọ́ sílẹ̀.