Ìtẹ̀bọmi Ọmọ-Ọmọ Nínú Ìjọ Mọ́mọ́nì: Ó Yẹ Kí Àwọn Àgbà Lọ

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí ni a gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ará wa ní Ìjù-Odò, ní Òkìtìpupa, àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí àwọn ọmọ yín ti gba Òrè kọjá lọ sí Èkó tàbí sí Bìní láti wá oúnjẹ òòjọ́. Nínú àwọn ìlú ńlá wọ̀nyí ni àwọn ọmọ náà ti ń bá ìjọ tí àwọn òbí wọn kò mọ̀ rí pàdé. Wọn a wọ inú rẹ̀, wọn a bímọ síbẹ̀, bí ó bá sì di ọjọ́ kan, ìwé a dé ilé pé kí bàbá àgbà àti ìyá àgbà wá, nítorí a fẹ́ tẹ ọmọ-ọmọ wọn bọmi. Bí ó bá jẹ́ ìjọ tí gbogbo wa ti mọ̀ tipẹ́ ni, kò sí àríyànjiyàn. A ó rán aṣọ, a ó sì wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ìjọ Mọ́mọ́nì ni, ọ̀rọ̀ a di àpérò, àgbà mìíràn a sì búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní í tẹ ibẹ̀. Èrò tiwa ni pé kí ó lọ, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Orúkọ tí àwọn ọmọ ìjọ náà ń pe ara wọn ni Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn. Joseph Smith ni ó dá a sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1830. Láti inú Ìwé Mọ́mọ́nì, tí wọ́n ń kà pẹ̀lú Bíbélì, tí a sì ti túmọ̀ sí èdè Yorùbá, ni àwọn ará ìta ti rí orúkọ Mọ́mọ́nì tí wọ́n ń pè wọ́n. Wọn kì í tẹ ọmọ ọwọ́ bọmi. Ọmọ tuntun ni wọ́n ń gbé wá síwájú ìjọ láti sọ ọ́ lórúkọ àti láti súre fún un. Ó di ìgbà tí ó bá pé ọmọ ọdún 8 kí a tó mú un wọ inú omi, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ọmọdé tí kò tí ì mọ ire yàtọ̀ sí ibi kò ní ẹ̀ṣẹ̀ tí a ó wẹ̀ nù.

Kí ni àgbà tí ó bá lọ yóò rí? Yóò rí ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ funfun, àti ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ bọmi nínú aṣọ funfun bákan náà. A ó kọ orin, a ó gbàdúrà, a ó sì sọ ọ̀rọ̀ kúkurú. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì yóò sọ̀kalẹ̀ sínú omi, ìbáà jẹ́ inú kòtò omi tí a kọ́ sí ilé ìsìn, ìbáà jẹ́ odò. Bí bàbá ọmọ náà bá ní oyè àlùfáà tí iṣẹ́ náà béèrè, òun gan-an ni wọ́n sábà máa ń fún ní àyè láti tẹ ọmọ rẹ̀ bọmi. Àwọn ẹlẹ́rìí méjì yóò dúró tì wọ́n láti wò ó dájú pé omi bo ọmọ náà látòkè délẹ̀. Bí irun rẹ̀ tàbí etí aṣọ rẹ̀ bá léfòó, a ó tún un ṣe. Láti ọdún 1978 tí ìjọ náà ti wọ ilẹ̀ wa títí di ọdún 2019, ọkùnrin tí ó ní oyè àlùfáà nìkan ni ó lè ṣe ẹlẹ́rìí; láti ìgbà náà wá, obìnrin àti ọmọdé tí ó ti ṣe ìtẹ̀bọmi nínú ìjọ náà lè ṣe é pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí ni a ó gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, tí a ó sì gbàdúrà kí ó lè gba Ẹ̀mí Mímọ́. Wọn kì í gba owó fún gbogbo èyí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń ṣe olórí ìjọ àdúgbò kì í gba owó oṣù.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àgbà fetí sí dáradára nígbà tí ọmọ bá wà nínú omi. Orúkọ ọmọ náà ní kíkún ni a ó pè. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; orúkọ tí bàbá àgbà wo ilé kí ó tó sọ ọ́ náà ni yóò dún lórí omi ní etí gbogbo ènìyàn. A rántí pé kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn baba ńlá wa. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí Àjàyí Crowther tẹ ìyá tí ó bí i lọ́mọ bọmi, Àfàlà ni ìyá náà ń jẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀, Hannah ni ó sì ń jẹ́ nígbà tí ó kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i: ìyá kò ka ìsìn tuntun sí ohun tí yóò yà á kúrò lára ọmọ rẹ̀ tí oko ẹrú ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Àwọn kan a máa bínú pé, "A ti wọ́n omi sí ọmọ yìí lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èwo ni ti omíràn? Àbí tiwa kò jẹ́ nǹkan kan?" A kò ní í fi òtítọ́ pamọ́: ìjọ náà kò ka ìtẹ̀bọmi ìjọ mìíràn sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàrin wa. Láti ìgbà tí Bowen ti mú ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1850 ni irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti wà láàrin ẹni tí a wọ́n omi sí lórí àti ẹni tí a rì bọ odò. Ilé kò tú nítorí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń bẹ níhìn-ín, àbúrò ń bẹ lọ́hùn-ún, wọ́n sì jọ ń sin òkú baba wọn.

Àwọn mìíràn gbọ́ pé ìjọ yìí kórìíra aláwọ̀ dúdú nígbà kan. Èyí pẹ̀lú kì í ṣe irọ́. Láti ọdún 1852 ni Brigham Young ti kéde pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ gba oyè àlùfáà, bẹ́ẹ̀ sì ni a ti fi oyè náà fún Elijah Abel, aláwọ̀ dúdú, ní ọdún 1836. Nígbà tí ìwé ìròyìn kan ní Enugu tú àṣírí òfin yìí ní ọdún 1963, ìjọba wa kò fún àwọn òjíṣẹ́ wọn ní àyè láti wọlé mọ́. Oṣù kẹfà ọdún 1978 ni Spencer Kimball, olórí ìjọ náà, tó kéde pé òfin náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí èyí bá ṣì ń dùn ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó bi í nínú ilé, kí ó má ṣe fi ọjọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbẹ̀san.

Ó sì yẹ kí a sọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 1978 náà ni a tẹ àwọn ènìyàn 19 bọmi nínú odò kan ní ilẹ̀ Mbaise, ní ilẹ̀ Ìbò. Anthony Obinna, olùkọ́ ilé-ìwé, tí ó ti ń kọ lẹ́tà sí wọn ní Amẹ́ríkà fún ọdún púpọ̀, ni ó ṣáájú wọn. Òun ni a fi ṣe olórí ìjọ tuntun náà. Francis àti Raymond, àwọn arákùnrin rẹ̀, ni a fi ràn án lọ́wọ́. Fidelia aya rẹ̀ sì di olórí àwọn obìnrin. Ìpàdé mọ̀lẹ́bí ni ìtẹ̀bọmi àkọ́kọ́ náà jẹ́! Láti ara ìdílé kan ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, àwọn ọmọ ìjọ náà ní Nàìjíríà ju 200,000 lọ, wọ́n sì ní tẹ́ḿpìlì ní Aba, tí a yà sí mímọ́ ní ọdún 2005.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ọ̀rọ̀ ọtí ni ó kù. Ọkùnrin tí ó fẹ́ ju aya kan lọ kò lè ṣe ìtẹ̀bọmi níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olórí wọn àtijọ́ fẹ́ ìyàwó púpọ̀ kí wọ́n tó kéde ní ọdún 1890 pé àwọn yóò jáwọ́. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà oníyàwó mẹ́ta lè jókòó kí ó sì wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò lé e jáde. Ní ti ọtí, láti ọdún 1833 ni wọ́n ti ní ẹ̀kọ́ tí ó kọ ọtí, tábà, tíì àti kọfí sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ń ti ilé lọ fi agbè ẹmu àti ìgò ògógóró sílẹ̀. Kí ó di pupuru àti ẹja gbígbẹ dání. Ẹni kan kò ní í kọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin òbí kékeré náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn òbí yín gbọ́ nípa ìtẹ̀bọmi lẹ́nu ará ọjà. Ẹ tètè ránṣẹ́ sí wọn, ẹ ṣàlàyé ohun tí wọn yóò rí, ẹ sì fi wọ́n sí ìjókòó iwájú. Ẹ rántí pé tẹ́ḿpìlì ìjọ yín ní ìlẹ̀kùn tí ẹni tí kò sí nínú ìjọ kò lè wọ̀, àní ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ìtẹ̀bọmi ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bí ẹ kò bá pe àwọn àgbà sí èyí tí ó ṣí, báwo ni wọn yóò ṣe fi ara da èyí tí a tì?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀sìn lè pa ọ̀nà dà, ṣùgbọ́n okùn ọmọ ìyá yi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó bá jáde láti inú omi, tí omi ṣì ń kán lórí rẹ̀, yóò gbé ojú sókè láti wo ẹni tí ó wá. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìjọ ni yóò kọ́kọ́ rántí nígbà tí ó bá dàgbà, bí kò ṣe ojú tí ó rí ní ẹ̀bá omi ní ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ojú tiyín wà níbẹ̀.